Gbèsè Ẹni Tí A Jọ Wọ Omi

Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, ẹni tí ó bá gun òkè Patti tí ó sì wo ìsàlẹ̀ yóò rí omi méjì tí àwọ̀ wọn kò dọ́gba, tí wọ́n ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún méjì tí ń lọ sí ọjà kan náà, kí wọ́n tó wá di ọ̀kan. Àwọn Òwórò, àwọn Tápà, àwọn Ígálà, àwọn Kàkàndá àti ẹ̀yà mìíràn ni ó ti ń jẹ nínú omi yìí láti ìrandíran. Omi ni ọ̀nà wọn, omi ni oko wọn, omi náà ni ó sì máa ń wọlé tọ̀ wọ́n wá nígbà mìíràn láìkan ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2022, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń rìn ní òpópónà tí mọ́tò ń gbà.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ti ìlú òkèèrè dé, tí ó sì sọ fún àgbà apẹja kan ní etí odò yìí pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí àwọn sì mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè tí bàbá náà yóò kọ́kọ́ bi í jẹ́ èyí: "Ọmọ mi, kí ni ó bọ́ sínú omi tí ẹ̀ ń wá?" Bí ọmọ náà bá sì dáhùn pé, "Kò sí ohun tí ó bọ́, Bàbá, eré ni a lọ ṣe," bàbá náà yóò wò ó títí, yóò sì tún àwọ̀n rẹ̀ mú.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ní Lọ́kọ́ja, ohun tí ń mú ènìyàn lọ sí abẹ́ omi kò pọ̀: àwọ̀n tí ó há mọ́ kùkùté, ìdákọ̀ró tí okùn rẹ̀ já, tàbí ọmọ ẹni tí ó rì. Ẹni tí ó bá mòòkùn níbẹ̀, nǹkan ni ó ń wá. Pé kí ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀ omi, kí ó wo ibẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn, kí ó sì padà wá sókè lọ́wọ́ òfo, ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí etí apẹja.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó fara pamọ́ sínú ìbéèrè bàbá yìí. Èkínní: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu nítorí eré lásán? Èkejì: bí ènìyàn bá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání lọ sí ibi tí ewu wà, kí ni ó jẹ ọ̀rẹ́ náà ní gbèsè? Èkínní ni ó máa ń wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Èkejì ni ó wúwo jù, òun ni ó sì yẹ kí a pẹ́ lé lórí.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí a pe ẹni náà sí ẹjọ́ lé lórí. Ọlọ́run kò fún ọmọ ènìyàn ní ohun tí ẹja fi ń mí. Láti ayébáyé, èémí kan ṣoṣo ni amòòkùn ń gbé lọ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó ṣe ń ṣe é: wọn a fi àkàbà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, wọn a di èémí mú, wọn a bu yanrìn, wọn a sì tún gòkè wá mí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1943, ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀gá ológun ojú omi kan tí ń jẹ́ Jacques-Yves Cousteau àti ẹlẹ́rọ kan tí ń jẹ́ Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. A ó ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú àgbá irin, a ó so ó mọ́ ẹ̀yìn amòòkùn; ẹ̀rọ náà yóò sì máa fi afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó bá bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mu. Láti ìgbà náà ni ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di eré fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìwẹ̀, tí ara rẹ̀ le, tí ó sì lówó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn tí ó ti ṣe é sọ pé ojú tí ó bá rí ìsàlẹ̀ òkun níbi tí omi ti mọ́ gaara kì í gbàgbé: ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi tí kò sá fún ènìyàn, koríko tí ń fì bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, àti ara tí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ará Dakar ní ẹgbẹ́ fún un. Océanium ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Etíkun Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ tí Odò Ọya ń gbé láti ọ̀nà jíjìn, tí ó gba Lọ́kọ́ja kọjá, ní etí òkun ni ó ń tú u sí. Omi ibẹ̀ a máa dúdú, púpọ̀ nínú àwọn tí ń mòòkùn níbẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ epo rọ̀bì ni ó gbé wọn débẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìmòòkùn ṣeré ní láti wá omi tí ó mọ́ lọ sí òkèèrè, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Wọn yóò rán ni létí pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni ọmọ ènìyàn ti ń ṣe eré tí ewu wà nínú rẹ̀, Yorùbá kò sì yọ ara wọn sílẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ìjàkadì lè dá ọrùn akin? Síbẹ̀, ìlù ni a ń lù fún un. Ní Argungu, ní ilẹ̀ Kebbi, láti ọdún 1934 wá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ti máa ń bẹ́ sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n àti igbá bí wọ́n bá ń ṣe ọdún ẹja pípa. Kì í ṣe ebi ni ó ń lé wọn wọ omi, ìdùnnú àti iyì ni. Bí a bá ka gbogbo eré tí ó léwu léèwọ̀, ohun tí yóò kù fún ọ̀dọ́ láti fi mọ agbára ara rẹ̀ kò ní pọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ẹni tí yóò san owó eré náà. Ẹni tí ó ní òun ń fi ẹ̀mí ara òun ṣeré, ǹjẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ó fi ń ṣeré? Ìyá tí yóò gbọ́ ìròyìn náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Apẹja tí wọn yóò jí ní òru kí ó wá bá wọn wá òkú kò bá wọn jẹ nínú adùn rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀rẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú omi yóò ní láti yan ohun kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì máa gbé ohun tí ó yàn náà kiri títí ọjọ́ alẹ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìmòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ kò ti jẹ́ eré àdáṣe. Nígbà tí Cousteau fẹ́ dán ẹ̀rọ náà wò nínú òkun ní oṣù kẹfà ọdún 1943, tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń jà lọ́wọ́, Simone ìyàwó rẹ̀ ń wẹ̀ lójú omi, ó dojú bolẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Frédéric Dumas ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúró ní etí omi, ó ti múra tán láti bẹ́ wọlé bí obìnrin náà bá fún un ní àmì pé nǹkan ṣe. Ẹni kan mòòkùn, ẹni méjì ni kò mí dáadáa títí ó fi padà. Ìlànà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ń kọ́ni lónìí kò yàtọ̀ sí èyí: a kì í dá mòòkùn. Méjì méjì ni wọ́n ń lọ. Kí wọ́n tó wọ omi, olúkúlùkù ní láti yẹ ẹrù ìkejì rẹ̀ wò: ṣé okùn rẹ̀ le, ṣé wọ́n ti ṣí ẹnu àgbá, ṣé aago tí ń sọ iye afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ nípa ìwà ọmọlúàbí ronú lé lórí: ẹnu rọ́bà méjì ni ó wà lára ẹ̀rọ amòòkùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni tirẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí wọ́n jọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kò sí lábẹ́ omi, ọwọ́ ni ẹnu wọn. Ẹni tí ó bá na àtàǹpàkò sókè kò sọ pé "ó dára" o; ohun tí ó ń wí ni pé "ẹ jẹ́ kí a máa gòkè." Ẹni tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ẹni tí ń gé ara rẹ̀ lọ́fun, afẹ́fẹ́ ti tán lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti kọ ẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè rí àmì kankan, bí ó ti wù kí ó mọ èdè náà tó.

Àwọn bàbá wa mọ irú àjọṣe báyìí. Nígbà àtijọ́, bí ọ̀rẹ́ méjì bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn kọjá ti ẹnu lásán, wọn a mulẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wọn. Ẹni tí ó bá sì dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Àwọn méjì tí ó yẹ ẹrù ara wọn wò ní etí òkun kò pín obì, wọn kò pe ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìmùlẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ a máa ní sùúrù kí ó tó gbẹ̀san, ó lè di ogún ọdún. Omi kì í dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó ti le. Ọ̀rẹ́ méjì wà ní mítà 30 sí ìsàlẹ̀. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, omi ń fi ìwọ̀n ìtẹ̀ kan lé ti tẹ́lẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìtẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti òkè. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ì bá tó ènìyàn mí fún wákàtí kan lójú omi kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo aago àgbá rẹ̀, ó rí i pé ó ti tán. Ó fi ọwọ́ gé ọ̀fun. Èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ìkejì rẹ̀ yóò gbé ẹnì kan dé òkè pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bóyá ni yóò tó ẹni méjì. Kí ni ó yẹ kí ó ṣe?

Ẹni tí ó jókòó lórí àga yóò tètè dáhùn pé kí ó fún un, ṣebí ọ̀rẹ́ ni. Ẹlòmíràn yóò ní orí ẹni ni à á kọ́kọ́ gbà là, nítorí pé òkú méjì kò sàn ju òkú kan lọ. Àbùkù kan náà ni ó wà lára ìdáhùn méjèèjì: wọ́n rò pé ìsàlẹ̀ omi ni ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní àkókò tí ó yẹ kí wọ́n jọ pinnu iye tí kò gbọdọ̀ tán. Àwọn amòòkùn tí ó gbọ́n a máa fi ohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó wọ omi pé bí afẹ́fẹ́ bá ku ìwọ̀n báyìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, eré ti parí. Èyí tí ó kù yẹn kì í ṣe èrè ẹni tí ó mí díẹ̀. Ti ìkejì rẹ̀ ni. Nínú ilé ọmọlúàbí, a kì í jẹ oúnjẹ inú ìkòkò tán lálẹ́. Ìyá ilé a máa fi díẹ̀ sílẹ̀ de àlejò tí ọ̀nà lè gbé dé lóru. Bí àlejò kò bá wá, ilẹ̀ á mọ́, a ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní òru, kì í ṣe ti onílé. Ẹni tí ó fi afẹ́fẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé ẹja kan sí i nítorí pé ẹja náà lẹ́wà, oúnjẹ àlejò ni ó jẹ.

Síbẹ̀, ọjọ́ lè burú kọjá ìmúra. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, okùn lè há. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó fún un; ṣùgbọ́n kí ó fún un bí ẹni tí ó fẹ́ kí àwọn méjèèjì yè. Àwọn apẹja mọ̀ pé a kì í gba iwájú lọ bá ẹni tí ń rì, nítorí pé yóò dì mọ́ni, yóò sì fà ni lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, tàbí kí wọ́n na àjẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé apẹja bẹ́ẹ̀ kò ní ìfẹ́. Gbèsè tí a jẹ ẹni tí a jọ wọ omi kì í ṣe pé kí a bá a kú. Ohun tí a jẹ ẹ́ ni pé kí a má ṣe fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ohun kan bá ṣì wà tí ọwọ́ lè ṣe.

Ewu kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ ń mú bá ara wọn, tí omi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ẹgbẹ́ Cousteau fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè jìnnà tó sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán. Wọ́n ju okùn gígùn sínú òkun, wọ́n so wàláà mọ́ ọn ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá dé wàláà kan yóò fọwọ́ sí i, yóò sì gòkè. Ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, náítírójìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ a máa pa ènìyàn bí ẹmu: ọkàn á fúyẹ́, òye á ṣókùnkùn, ẹni náà yóò sì rò pé òun kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Maurice Fargues, ọ̀kan nínú wọn, sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí àmì rẹ̀ dẹ́kun, àwọn tí ó wà lókè fa okùn ààbò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ẹnu rọ́bà ti bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi gbìyànjú láti mú un sọjí, kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa wàláà jáde, wọ́n sì rí ìfọwọ́sí rẹ̀ lórí èyí tí ó wà ní mítà 120.

Kò sí ọ̀tá nínú àwọn tí ó wà lókè yẹn. Okùn wà, ojú ń ṣọ́ ọ, ìfẹ́ wà. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ akíkanjú, ta ni yóò sọ pé ó tó? Irú rẹ̀ kò jìnnà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò parí, ẹgbẹ́ kan gba etí odò lọ. Ọ̀kan nínú wọn kò mọ ìwẹ̀ tó bí ó ti ń pariwo, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ lójú àwọn ọmọbìnrin. Àwọn tí ó kù rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní ojo. Ó bẹ́ wọlé. Bí ó bá rì, gbogbo wọn yóò sunkún tòótọ́, wọn yóò sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ kò sì ní sí nínú rẹ̀. Òfin kan wà láàrin àwọn amòòkùn tí ì bá dára kí gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yá lò: ẹnikẹ́ni nínú wọn lè sọ nígbàkúgbà pé òun kò lọ mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ bi í ní ìdí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ mẹ́nu bà á lẹ́yìn náà. Òfin náà rọrùn láti kà. Ó ṣòro láti pa mọ́ láàrin àwọn ọmọ ogún ọdún.

Ìfẹ́ pàápàá nílò ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Nàìjíríà ní ọdún 2013 fi èyí hàn kedere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ni àwọn amòòkùn ibẹ̀ ń ṣe, kì í ṣe eré. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún náà, ọkọ̀ Jascon-4, tí ń fa ọkọ̀ agbépo nínú òkun ní ìhà Escravos, dojú dé, ó sì rì lọ sí nǹkan bí mítà 30. Ènìyàn méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn amòòkùn dé ibẹ̀ lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì ààbọ̀, òkú ni wọ́n wá gbé. Ọ̀kan nínú wọn ń táràrà nínú òkùnkùn ọkọ̀ náà, ó rí ọwọ́ kan, ó rò pé òkú mìíràn ni, ó nawọ́ sí i. Ọwọ́ náà dì í mú. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, ni. Nǹkan bí wákàtí 60 ni ó ti lò níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí nínú ọkọ̀ tí ó dojú dé yẹn, nínú òtútù, òun nìkan ni ó sì yè.

Ẹ ronú ohun tí ọkàn ọmọ ènìyàn yóò fẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a rò pé ó ti kú wà láàyè, ó ń gbọ̀n, ó fẹ́ rí ojú ọ̀run. Àánú yóò ní kí a gbé e, kí a sáré gbé e lọ sókè. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àánú náà ni ì bá pa á. Ẹni tí ó ti mí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ìtẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin fún ọjọ́ méjì ààbọ̀, náítírójìn ti rin gbogbo ara rẹ̀. Bí ó bá gòkè lójijì, náítírójìn náà yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ń hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí ìgò. Ó lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Nítorí náà, àwọn amòòkùn náà fi sùúrù mú un. Wọ́n fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ yá, wọ́n fi ohun tí yóò máa fi mí sí i lójú, wọ́n mú un gba inú òkùnkùn ọkọ̀ náà kọjá lọ sínú yàrá irin tí ó gbé wọn wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó dé orí ọkọ̀ tí ó gbé wọn, wọn kò tíì jẹ́ kí ó bọ́ síta. Ó lo ọjọ́ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i nínú yàrá irin mìíràn, kí ìtẹ̀ ara rẹ̀ lè máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ti há mọ́ inú irin fún ọjọ́ méjì ààbọ̀, inú irin ni wọ́n tún tì í mọ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó yè.

Ẹ̀kọ́ yìí náà ni àwọn tí ń fi ìmòòkùn ṣeré ń kọ́, ní ìwọ̀n tiwọn. Wọn kò gbọdọ̀ yára gòkè ju nǹkan bí mítà mẹ́sàn-án lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá ku mítà márùn-ún sí òkè, wọ́n a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọn a máa wo oòrùn lókè orí wọn láìfọwọ́ kàn án. Wọn kò sì gbọdọ̀ di èémí mú bí wọ́n ti ń gòkè, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró yóò wú, yóò sì fà á ya. Bí ìbẹ̀rù bá mú ọ̀kan tí ó fẹ́ fò lọ sókè, ojúṣe ìkejì rẹ̀ ni láti dì í mú, kí ó wò ó lójú, kí ó sì jọ máa mí pẹ̀lú rẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, yóò dà bí ẹni pé ó ń dí i lọ́nà ìyè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kíka orí. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ọkọ̀ kan gbé àwọn tí ó fẹ́ mòòkùn lọ sí ibi àpáta iyùn ńlá tí ó wà ní etíkun Australia. Lẹ́yìn náà, ó gbé wọn padà, ó sì fi tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan sílẹ̀ nínú òkun. Ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nígbà tí wọ́n rí ẹrù wọn nínú ọkọ̀. A kò rí wọn mọ́. Kò sí ìjì ní ọjọ́ náà. Wọn kò ka orí pé ni. Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù gbà pé ẹlòmíràn ti kà.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti padà sí Odò Ọya. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tí ó gbé èrò láti Ìpínlẹ̀ Kogí lọ sí ọjà ní Ìpínlẹ̀ Niger dojú dé lórí odò náà. Obìnrin ọlọ́jà ni ó pọ̀ nínú wọn. Òkú tí ó lé ní ogún ni wọ́n rí gbé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, iye àwọn tí ó wọ ọkọ̀ náà kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn kan ní wọ́n tó igba. Àwọn òmùwẹ̀ ìbílẹ̀ ni ó wọ omi lọ wá wọn. Irú bàbá tí ó béèrè ohun tí ó bọ́ sínú omi ni wọ́n ń pè ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òun ni yóò di èémí kan ṣoṣo mú wọ ibi tí ojú kò ríran, láti wá ẹni tí kò bá a tan. Kò bá wọn wọ ọkọ̀. Kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Ẹni tí ó jẹ wọ́n ni ẹni tí ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn tí kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí kò fún wọn ní ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó. Díẹ̀ nínú gbèsè náà sì wà lọ́rùn èrò tí ó rí i pé ọkọ̀ ti kún, tí ó sún mọ́ ìkejì rẹ̀ kí ẹnì kan sí i lè rí àyè.

Harrison Okene sọ lẹ́yìn ìjàǹbá rẹ̀ pé òun kò ní padà sí ojú òkun mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 2015. Nínú iṣẹ́ náà, okùn tí ń gbé afẹ́fẹ́ wá bá ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan lórí ọkọ̀. Ẹni yẹn kò gbọdọ̀ fi okùn náà sílẹ̀, kò gbọdọ̀ máa bá ẹlòmíràn tàkúrọ̀sọ, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú omi, títí ìkejì rẹ̀ yóò fi yọrí.